Bí Ọlọ́run Ṣe Yọ Ẹsẹ̀ Mi Láàárín Àpáta Odò

Ẹ bá mi gbé ọwọ́ sókè díẹ̀. Ẹ má tíì pariwo, ẹ kàn gbé e sókè. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó jẹ́ kí èmi Ìyá Dámilọ́lá fi ẹsẹ̀ méjèèjì rìn wọ inú ilé yìí láàárọ̀ yìí. Mo dúpẹ́ pé mò ń mí. Ẹ̀yin tí ẹ ti ń mí láti ìgbà tí ẹ ti jí, tí ẹ ò tíì rò ó rárá, ẹ mí sínú báyìí. Ẹ mí síta. Ẹ ṣé. Ọ̀rọ̀ èémí yẹn gan-an ni mo wá sọ.

Pásítọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi díẹ̀ kún àkókò tí ẹ máa ń fún ẹni tó bá fẹ́ jẹ́rìí. Tèmi lónìí gùn díẹ̀. Ẹ̀yin ará, ẹ ti gbọ́ ẹ̀rí kan nípa mi ní nǹkan bí oṣù méjì sẹ́yìn. Wọ́n ní mo bá àwọn ará ibi iṣẹ́ mi lọ wa ọkọ̀ rọ́bà lórí odò, wọ́n ní àbúrò wa kan níbi iṣẹ́ já sómi, mo fò tẹ̀ lé e, mo sì gbà á là. Ẹ pàtẹ́wọ́ fún mi lọ́jọ́ yẹn. Mo dúró síbẹ̀, mò ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ẹ̀rí yẹn, ìdajì rẹ̀ ni òtítọ́. Ìdajì tó kù ni mo gbé wá lónìí, nítorí kò jẹ́ kí n sinmi. Tí mo bá sọ ọ́ tán, tí ẹ bá fẹ́ máa wò mí sùn-ùn, ẹ wò mí. Mo ti gbà.

Ẹ mọ̀ pé ọmọ Ìjẹ̀dẹ̀ ni mí. Bàbá mi, kí Ọlọ́run dẹ ilẹ̀ fún wọn, apẹja ni wọ́n. Inú ọkọ̀ wọn ni mo ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń jókòó. Kí n tó mọ ìwé kà, mo ti mọ bí wọ́n ṣe ń fi àjẹ̀ wa ọkọ̀ gba àárín ojúoró kọjá. Tí wọ́n bá fẹ́ lọ wo ìgèrè wọn láàárọ̀, apẹ̀rẹ̀ tí wọ́n fi ń mú ẹja nìyẹn, èmi ni mo máa ń jókòó síwájú ọkọ̀, tí màá máa wo omi. Ọ̀sà láàárọ̀, ẹ̀yin tí ẹ ò bá rí i rí, mi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ sọ ọ́ fún yín. Ẹ ò ní mọ ibi tí omi parí sí, ẹ ò ní mọ ibi tí ojú ọ̀run ti bẹ̀rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ á funfun bí ògì. Ohùn bàbá mi nìkan ni màá máa gbọ́ lẹ́yìn mi, wọ́n á máa kọrin jẹ́jẹ́, orin tí kò lọ́rọ̀ nínú. Títí di òní, tí mo bá ń gbàdúrà tí ara mi balẹ̀, ibẹ̀ ni ọkàn mi máa ń lọ.

Ohun kan wà tí gbogbo ọmọ etí ọ̀sà mọ̀, tí ẹnikẹ́ni kò kọ́ wa. Tí ọkọ̀ bá dojú dé, ẹsẹ̀ lo máa kọ́kọ́ sọ sílẹ̀. Ọ̀sà tiwa kò jìn létí. Ẹsẹ̀ rẹ á kan ẹrẹ̀, ẹrẹ̀ tútù tó rọ̀ múlọ́múlọ́, wàá dìde dúró, omi á mọ ọ́ ní àyà, wàá rẹ́rìn-ín ara rẹ, wàá yí ọkọ̀ padà. Ó parí. Bí gbogbo wa ṣe dàgbà nìyẹn.

Ẹ tún mọ̀ pé iléeṣẹ́ ọṣẹ kan ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Industrial Estate, níbi tí wọ́n ti ń di ọṣẹ sínú páálí. Èmi ni súpáfáísọ̀ níbẹ̀. Lára àwọn tó wà lábẹ́ mi ni Sìdíkátù, Sìdí la máa ń pè é. Ọmọ Ìwó ni, Mùsùlùmí ni, yàrá kan ló gbà lẹ́yìn Agric, ní Ìkòròdú níbí. Kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún. Ọmọ jẹ́jẹ́ ni. Tí gbogbo wa bá ń pariwo nínú bọ́ọ̀sì òṣìṣẹ́, òun á kàn gbórí ti wíńdò, á máa rẹ́rìn-ín. Mo fẹ́ràn rẹ̀, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n mo tún fẹ́ràn kó máa wò mí bí ẹni tó mọ gbogbo nǹkan tán. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí.

Nígbà tí iṣẹ́ wá lọ dáadáa, àwọn ọ̀gá wa ní àwọn máa kó wa lọ gbádùn ara wa. Ilé ìgbafẹ́ kan wà ní Ẹ̀pẹ́, létí ọ̀sà, tí wọ́n ti ń ṣe ohun tí wọ́n ń pè ní ráfítìn. Ọkọ̀ rọ́bà ni, afẹ́fẹ́ ni wọ́n fẹ́ sínú rẹ̀, èèyàn mẹ́fà á jókòó sí etí rẹ̀ yíká, kálukú pẹ̀lú àjẹ̀ lọ́wọ́. Wọ́n pín in sọ́nà méjì. Àwọn tí kò ṣe é rí, orí ọ̀sà níbẹ̀ ni wọ́n á ti máa wa tiwọn, níbi tí omi ti dákẹ́. Àwọn tó ti mọ̀ ọ́n, wọ́n á fi bọ́ọ̀sì gbé wọn lọ sókè, níbi tí odò kan ti ń já láàárín àpáta kó tó sọ̀ kalẹ̀ wá sọ́nà ọ̀sà. Ìgbà òjò ni, odò ti kún. Wọ́n wá pín fọ́ọ̀mù fún wa. Àpótí kékeré méjì ló wà níbẹ̀ tí èèyàn máa máàkì: ṣé o ò ṣe é rí ni, àbí o ti mọ̀ ọ́n?

Háà! Ẹ wo èmi. Wọ́n fẹ́ bi ọmọ apẹja bóyá ó mọ omi. Mo máàkì pé mo ti mọ̀ ọ́n, mo tún fa ìlà sí i nídìí. Sìdí wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, bírò tiẹ̀ ti ń lọ sí àpótí kejì. Ó ní, "Ìyá Dámi, ẹ̀rù omi ń bà mí o. Mi ò wọ omi tó ju ti inú báàfù lọ rí."

Mo gba bírò lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ní, "Ìwọ Sìdí, nígbà tí èmi wà níbẹ̀? Ṣé o fẹ́ lọ jókòó sórí omi tó dákẹ́ bí ọbẹ̀ àná ni?"

Mo bá a máàkì tiẹ̀. Gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín, torí kò fẹ́ já mi kulẹ̀. Ẹ̀yin ará, kì í ṣe èṣù ló gba bírò yẹn. Èmi ni. Mo fẹ́ kí ẹnì kan wà nínú ọkọ̀ yẹn tó máa rí bí mo ṣe mọ omi tó.

Ọjọ́ Sátidé ni a lọ. A ti kúrò ní Ìkòròdú kí oòrùn tó mú, ọ̀pọ̀ wa ń tòògbé. Bí a ṣe dé Ẹ̀pẹ́, kùrukùru bo ọ̀sà pátápátá. Mo rí ọkọ̀ àwọn apẹja lọ́ọ̀ọ́kán, kò jọ pé orí omi ni wọ́n wà, ó jọ pé wọ́n so wọ́n rọ̀ sínú kùrukùru. Obìnrin kan ń to ẹja sínú abọ́ létí omi, kò wo ojú wa. Òórùn ẹja yíyan wọlé wá bá wa nínú bọ́ọ̀sì. Ó ń ṣe mí bí ẹni tó fẹ́ sunkún, mi ò sì mọ ohun tó fà á. Mo rò pé bàbá mi ni mo rántí. Ọ̀pọ̀ àwọn tó kù sọ̀ kalẹ̀ síbẹ̀. Àwa márùn-ún tí a ní a ti mọ̀ ọ́n, èmi, Sìdí, àti ọkùnrin mẹ́ta tó ń kó páálí sínú ọkọ̀ níléeṣẹ́ wa, àwa nìkan la kù tí bọ́ọ̀sì gbé lọ.

Odò yẹn, ìró rẹ̀ la kọ́kọ́ gbọ́. Inú igbó ló ti ń dún, ṣàà, ṣàà, bí ìgbà tí wọ́n ń da ẹ̀wà gbígbẹ sínú agbada. Nígbà tí igi wá là, mo rí i. Omi náà funfun. Ó ń gun orí àpáta, ó ń yí, ó ń fò, èéfín omi ń dìde lára rẹ̀, oòrùn wọnú èéfín yẹn, òṣùmàrè kékeré kan sì dúró síbẹ̀, kò lọ, kò bọ̀. Mo gbọ́ tí Sìdí ní "Súbúhánàlláhì" lábẹ́ ohùn.

Gáìdì tó máa bá wa wọkọ̀, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí kì í gbóhùn sókè, kó wa jọ. Ó fún wa ní jákẹ́ẹ̀tì tó ń mú èèyàn léfòó, ó fún wa ní akoto. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ wa. Ó ní, "Tí ẹ bá já sómi, ẹ má dìde o. Bí omi ò tiẹ̀ ju orúnkún yín lọ, ẹ má dìde. Ẹ fẹ̀yìn lélẹ̀ lórí omi, kí ẹ gbé ọmọ ìka ẹsẹ̀ yín sókè kí n máa rí i. Omi fúnra rẹ̀ á gbé yín lọ síbi tó ti dákẹ́."

Ó sọ ìdí rẹ̀ o. Èmi ni mi ò gbọ́ ìdí rẹ̀. Mò ń ya fọ́tò, mò ń sọ fún àwọn ọkùnrin yẹn nípa ọjọ́ tí ọkọ̀ bàbá mi dojú dé nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án. Sìdí ní tiẹ̀ dúró síwájú gáìdì gbọnin, ètè rẹ̀ ń mì bó ṣe ń tún ọ̀rọ̀ náà sọ fún ara rẹ̀. Ó ní kó jọ̀ọ́, kó tún un sọ. Ọkùnrin náà tún un sọ. Ó ní kó má bínú, lẹ́ẹ̀kan sí i. Mo pòṣé. Mo ní, "Sìdí, o ń dójú tì wá." Ẹ gbọ́ mi o, èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀.

A wọ omi. Ará, mi ò ní tàn yín, ó dùn. Ọkọ̀ rọ́bà yẹn máa ń tẹ̀ tí omi bá tẹ̀, ó máa ń dìde tí omi bá dìde. Ó gbé wa sókè, ó rọra gbé wa sọ̀, omi tútù ń fọ́n sí wa lójú, gbogbo wa ń lọgun bí ọmọdé. Gáìdì wà lẹ́yìn, á ní ká wà á, a ó wà á, á ní ká dúró, a ó dúró. Lẹ́yìn ìyẹn, a dé ibì kan tí odò ti fẹ̀, tó ti rọlẹ̀, a kàn ń sún lọ lábẹ́ igi. Ewé ń já bọ́ lé wa lórí lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹyẹ funfun kan ń fò lọ níwájú wa, á bà, á dúró dè wá, á tún fò. Mo gbé àjẹ̀ mi lé itan. Ó ń ṣe mí bí ẹni pé mo ṣì kéré, pé mo jókòó síwájú ọkọ̀ ní Ìjẹ̀dẹ̀, pé kò tíì sí ẹnì kankan tó kú nínú àwọn èèyàn mi. Sìdí yíjú sí mi, ó ní, "Ìyá Dámi, ẹ ṣé tí ẹ mú mi wá." Inú mi dùn gan-an.

Bí a ṣe yí kọ̀rọ̀ odò, ariwo tún bẹ̀rẹ̀. Imú ọkọ̀ sọ lu àpáta kan, ẹ̀gbẹ́ tí èmi àti Sìdí wà gbé sókè fìrì. Mo rí àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà Sìdí. Lẹ́yìn náà mi ò rí i mọ́. Mi ò ronú, mo fò tẹ̀ lé e. Ọkọ̀ gbé gáìdì àti àwọn tó kù lọ sí ìsàlẹ̀ odò. Ibẹ̀ ni ẹ̀rí tí ẹ gbọ́ lọ́jọ́sí parí sí. Wọ́n ní mo fò, mo sì yọ ọ́.

Mo fò lóòótọ́. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe wọ omi, mo ṣe ohun tí ọmọ Ìjẹ̀dẹ̀ máa ń ṣe. Mo sọ ẹsẹ̀ sílẹ̀, mò ń wá ẹrẹ̀. Kò sí ẹrẹ̀. Àárín àpáta méjì ni ẹsẹ̀ ọ̀tún mi bọ́ sí, ó wọlé géérégé, ó há. Mo fẹ́ dìde dúró bí a ṣe máa ń dìde. Omi tó ń bọ̀ lẹ́yìn mi kò dúró. Ó tì mí lẹ́yìn, ó tẹ̀ mí síwájú, ó fi ojú mi bọ inú ara rẹ̀. Jákẹ́ẹ̀tì ń fà mí sókè, àpáta ń fà mí sílẹ̀, omi ń gba orí mi kọjá. Omi náà kò ju àyà mi lọ o! Omi tí mo lè dúró nínú rẹ̀ ni mo fẹ́ kú sí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí abẹ́ ibẹ̀ ṣe rí, torí mi ò tíì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Òkè ń hó, ṣùgbọ́n abẹ́ dákẹ́ rọ́rọ́. Ojú mi là sílẹ̀. Gbogbo ibẹ̀ jẹ́ àwọ̀ ewé tí oòrùn wọ̀. Ìfòfó kéékèèké ń gòkè níwájú mi díẹ̀díẹ̀, wọn ò kánjú. Mo rí òkúta pẹlẹbẹ kan, koríko omi ń fì lórí rẹ̀, ó ń fì, ó ń fì. Mo wá rí ìdí ọkọ̀ bàbá mi lókè orí mi, ó dúdú, ó gùn, ó ń kọjá lọ jẹ́jẹ́. Mo gbọ́ orin wọn. Kò sí ibi kankan tó ń dùn mí. Ẹ̀rù ò bà mí rárá. Ó rẹ̀ mí ni, wọ́n sì ní kí n wá sùn. Ohun tó ń dẹ́rù bà mí lónìí nìyẹn, pé kò dẹ́rù bà mí nígbà náà.

Ẹ mọ̀ mí nínú ìjọ yìí. Èmi ni mo ń darí àdúrà àárín ọ̀sẹ̀. Mo mọ Sáàmù sórí bí mo ṣe mọ orúkọ àwọn ọmọ mi. Kò sí ọ̀kan tó wá. Ohun kan ṣoṣo ló dìde nínú mi, òun ló sì ta mí jí nínú oorun yẹn: Sìdí. Mo rò pé ó ti kú. Mo sọ nínú ọkàn mi pé, Olúwa, ọmọ yẹn sọ pé ẹ̀rù ń ba òun, èmi ni mo gba bírò lọ́wọ́ rẹ̀. Má jẹ́ kó kú nítorí ẹnu mi. Ìyẹn ni gbogbo àdúrà tí mo gbà. Mi ò rántí bẹ̀bẹ̀ fún ara mi.

Ọlọ́run gbọ́. Ẹ wá gbọ́ bó ṣe dáhùn.

Sìdí kò kú. Sìdí ti ṣe bí wọ́n ṣe kọ́ ọ. Ó fẹ̀yìn lélẹ̀, ó gbé ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè, omi gbé e kọjá lára mi, ó sì gbé e wọ ẹ̀yìn àpáta ńlá kan níbi tí omi ti dákẹ́. Ó yíjú padà, kò rí mi. Akoto mi nìkan ló ń rí, ó ń yọ, ó ń rì. Ọkùnrin kan wà létí odò lódìkejì, ẹlẹgbẹ́ gáìdì wa ni, iṣẹ́ tiẹ̀ ni kó máa dúró síbi tí omi ti le, pẹ̀lú okùn lọ́wọ́. Ó ju okùn sí Sìdí kó lè fà á jáde. Sìdí mú okùn, kò jẹ́ kó fa òun. Ó nawọ́ sí mi, ó ń pariwo. Ọkùnrin náà rí mi. Ó di ìdí okùn mú lọ́hùn-ún, Sìdí di orí rẹ̀ mú níhìn-ín, ó gun àpáta, okùn náà gùn gba orí odò kọjá láàárín àwọn méjèèjì. Wọ́n wá ń gbé e bọ̀ sókè díẹ̀díẹ̀ títí ó fi wọ abẹ́ àyà mi.

Okùn yẹn gbé orí mi jáde. Mo mí! Halelúyà! Ẹ pariwo báyìí, mo ti yọ̀ǹda! Mi ò tíì jẹ oúnjẹ kan láyé mi tó dùn tó èémí yẹn. Mo wá gbọ́ ohùn kan tí mi ò gbọ́ rí, ohùn Sìdí tí kì í pariwo.

"Ìyá Dámi, ẹ má dìde! Ẹ gbé àyà lé okùn!"

Mo tún fẹ́ dìde. Ẹ wo agídí mi. Ó ké mọ́ mi, "Mo ní ẹ má dìde! Ẹ gbọ́ tèmi, ẹ jọ̀ọ́!"

Ọmọ tí mo fi ogún ọdún àti díẹ̀ jù. Mo gbọ́ tiẹ̀. Mo gbé gbogbo ara mi lé okùn náà, wọ́n fà mí padà sẹ́yìn, sí ọ̀nà òkè odò, ẹsẹ̀ mi sì gba ibi tó gbà wọlé jáde. Bàtà kù síbẹ̀. Mo fẹ̀yìn lélẹ̀, mo gbé ọmọ ìka mi sókè, mò ń wo ojú ọ̀run láàárín ewé, omi rọra gbé mi lọ bá Sìdí.

Bí mo ṣe dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó bú sẹ́kún. Mo dì í mú. A jókòó sórí àpáta yẹn, orí rẹ̀ wà láyà mi, hìjáàbù tó fi sábẹ́ akoto ti rin gbingbin. Báyìí ni àwọn ọkùnrin ibi iṣẹ́ wa ṣe fẹsẹ̀ sáré padà wá bá wa. Wọ́n ti rí i tí mo fò. Wọ́n wá rí i tí mo dì í mú. Ọ̀kan nínú wọn ní, "Ìyá Dámi ti yọ ọ́! Màmá, ẹ kú iṣẹ́ o!" Wọ́n ya fọ́tò. Ọkùnrin tó ju okùn wà lódìkejì, ó ń ká okùn rẹ̀, ariwo omi kò jẹ́ kó gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ. Sìdí ń gbọ̀n, kò lè sọ̀rọ̀. Èmi ni mo lè sọ̀rọ̀. Mo la ẹnu, ẹ wá gbọ́ ohun tó jáde níbẹ̀. Mo ní, "Ọlọ́run ni o. Ọlọ́run ni."

Ẹ rí i bí mo ṣe ṣe é? Irọ́ dà níbẹ̀? Gbogbo wa la máa ń sọ ọ́. Wọ́n á yin èèyàn, á tẹ orí ba, á ní Ọlọ́run ni, wọ́n á tún yìn ín sí i. Mo fi orúkọ Ọlọ́run bo ọmọ náà mọ́lẹ̀. Wọ́n kí mi níléeṣẹ́, mo ní Ọlọ́run ni. Pásítọ̀ pè mí lórí fóònù, mo ní Ọlọ́run ni. Àwọn ìyá ìjọ ra aṣọ fún mi, mo ní Ọlọ́run ni, mo sì gba aṣọ. Ẹ rẹ́rìn-ín, ó yẹ kí ẹ rẹ́rìn-ín. Aṣọ yẹn wà nílé, mi ò tíì lè rán an.

Omi yẹn kò sì fi mí sílẹ̀. Tí a bá ń darí bọ̀ láti ibi iṣẹ́ nírọ̀lẹ́, tí oorun bá fẹ́ gbé mi nínú bọ́ọ̀sì, àwọ̀ ewé yẹn á dé, koríko omi á máa fì. Màá máa retí okùn. Lọ́jọ́ mìíràn okùn á wá. Lọ́jọ́ mìíràn kò ní wá, màá kàn ta jí, màá rí i pé a ti dé Agric, àwọn èèyàn ti ń sọ̀ kalẹ̀. Sìdí á wà níwájú mi, á ní, "Ìyá Dámi, ó dàárọ̀ o." Kò sọ nǹkan kan rí. Ìbọ̀wọ́ ló ń wọ̀ ṣiṣẹ́ láti ọjọ́ náà, gbogbo wọn sì rò pé nítorí ọṣẹ ni.

Lọ́jọ́ Wẹ́sídé tó kọjá, a jọ jẹun ọ̀sán. Mo rí i tó ń fi ṣíbí jẹ ẹ̀bà. Mo fi í ṣe yẹ̀yẹ́, mo ní ṣé ó ti di òyìnbó ni. Ó bọ́ ìbọ̀wọ́, ó fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì hàn mí. Okùn ti gé e láti ìka dé ìdí àtàǹpàkò. Apá kan ti jinná, apá kan kò tíì jinná, torí ojoojúmọ́ ni ọṣẹ ń wọ̀ ọ́. Ata kò sì jẹ́ kó fọwọ́ kan ọbẹ̀.

Mo ní, "Sìdí, kí ló dé tí o ò sọ fún ẹnikẹ́ni?"

Ó wò mí, kò yé e. Ó ní, "Kí ni kí n sọ, Ìyá Dámi? Ẹ fò wọ omi nítorí mi. Láti ìgbà tí mo ti dé Ìkòròdú yìí, kò tíì sí ẹni tó ṣe irú ẹ̀ fún mi. Mo ṣì fẹ́ wá kí yín nílé, kí n wá dúpẹ́ dáadáa."

Lọ́wọ́ èmi yìí ló fẹ́ wá dúpẹ́. Mo dìde, mo wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lọ, mo sunkún títí wọ́n fi ń kanlẹ̀kùn. Ojú tì mí. Kì í ṣe ojú tí aráyé ń rí ló tì mí, ojú Ọlọ́run ni. Ẹ̀yin tí ẹ bá mi gbàdúrà mọ̀ pé ó ti tó ọdún méjì tí mo ti ń bẹ Ọlọ́run pé kó lò mí láti gba Sìdí là. Ọlọ́run dáhùn àdúrà yẹn, ó kàn fi orúkọ mi sí ipò ti Sìdí, ó sì fi ti Sìdí sí ipò tèmi ni.

Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó bá mi wá lónìí. Ó ní ṣé wọ́n á jẹ́ kí òun wọlé pẹ̀lú hìjáàbù. Mo ní ta ló máa dá ọ dúró. Ó ti wá. Ó wà ní ìlà tó gbẹ̀yìn, lábẹ́ fáànù tí kò ṣiṣẹ́ yẹn. Ẹ má tíì yíjú, ojú máa ń tì í. Ó dáa, ẹ yíjú. Sìdí, má bínú sí mi. Ẹ̀yin ará, ẹni tó di okùn mú nìyẹn. Ìdáhùn àdúrà mi nìyẹn, ó wọ hìjáàbù aláwọ̀ ọsàn. Ẹ kí i. Ẹ má bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ o, ọwọ́ rẹ̀ ṣì ń dùn ún, ẹ kàn juwọ́ sí i.

Gbogbo ògo, tọkàntọkàn, ti Ọlọ́run ni, tó mọ ẹni tó máa rán, tí kò bi mí léèrè kó tó rán an. Ẹni tó bá lè mí nínú ilé yìí, kó bá mi yọ̀. Ẹ̀yin akọrin, ẹ lè bẹ̀rẹ̀ nígbà tó bá wù yín. Alàgbà, àga tí ẹ fún mi níwájú níbí láti oṣù méjì, ẹ ṣé púpọ̀, ẹ fi ẹlòmíràn síbẹ̀. Mo ti gbé Bíbélì mi. Ẹ̀yìn lọ́hùn-ún ni mò ń lọ jókòó.

Sìdí, sún díẹ̀ fún mi.